Ìró Àjẹ̀ ní Irà Ìdí-Àràbà

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń parí ilé-ìwé girama lọ́dún yìí, bi mí pé iṣẹ́ wo ni kí òun kọ́. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ èyí tí kò fẹ́. Ó ní òun kò fẹ́ iṣẹ́ tí àwọn èèyàn yóò máa fi òun rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ìyá rẹ̀ dàgbà, kò sẹ́ni tí kò fi mí rẹ́rìn-ín ní gbogbo Òkìtìpupa. Òun ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń wá iṣẹ́ lè rí i kà.

Iṣẹ́ mi ni pé mo ń fi ọkọ̀ gbé àwọn tó fẹ́ wo ẹyẹ àti àdán. Ẹ kà á dáadáa. N kì í pẹja, n kì í ná ọjà lórí omi, n kì í gbé èrò lọ sí ìlú kankan. Bí àlejò bá ti wọkọ̀, mo máa tù ú wọ inú irà, a máa wo ohun tí Ọlọ́run kó síbẹ̀, mo máa tù ú padà sí ibi tí mo ti gbé e. Bàbá mi bi mí nígbà kan pé, "Kọ́ńfọ́tì, wọ́n gun ọkọ̀, wọn ò rà, wọn ò tà, wọn ò sì dé ibì kankan. Kí ni wọ́n wá ṣe gan-an?" Mo ní wọ́n wá wòran ni. Ó mi orí títí.

Etí òkun ni àwọn òbí mi ti wá. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń gbé wá tà kí wọ́n tó kúkú fìdí kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ọjà ní Òkìtìpupa. Ẹ̀yìn ilé wa ni irà náà ti bẹ̀rẹ̀, ní àárín ìlú gan-an, bí ẹni pé ẹnì kan gbàgbé omi síbẹ̀. Igi ògùrọ̀ yí i ká, òṣíbàtà bo ojú omi, igi àràbà ńlá kan sì dúró lórí ilẹ̀ tó yọ sókè láàárín rẹ̀. Torí igi yìí ni a ṣe ń pe ibẹ̀ ní Irà Ìdí-Àràbà. Ara ẹ̀ka rẹ̀ ni àwọn àdán ń rọ̀ sí lọ́sàn-án, wọn ò níye. Àwọn awakọ̀ ti ń fojú sí ilẹ̀ náà tipẹ́, pé kí wọ́n gé igi, kí wọ́n dí irà, kí àwọn rí ibi tí wọn yóò máa gbé mọ́tò sí. Ohun tí àwọn àgbà àdúgbò máa ń sọ fún wọn ni pé ilẹ̀ tó ní onílé kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo, àwọn àdán sì ni onílé.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan, Tíṣà Délé, ló kọ́kọ́ ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá wo ibẹ̀, kété lẹ́yìn òmìnira. Nígbà tó yá, ó ń mú àlejò wá láti Ìbàdàn àti Èkó, òyìnbó àti èèyàn dúdú. Ẹni tó ń tù wọ́n ni Iye Ẹlẹ́ní. "Iye" ni à ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Inú irà yẹn ni obìnrin yìí ti ń gé koríko tó fi ń hun ẹní láti ìgbà ọmọge rẹ̀, kò sí kọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà, tí kò sí owó girama, ìyá mi fà mí lé e lọ́wọ́. Bí mo ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn. Owó tí mo ń gbà kò tó sọ, mi ò sì ní sọ ọ́.

Àwọn èèyàn rò pé ọkọ̀ títù ni mo lọ kọ́. Ọmọ etí òkun ni mí, mo ti ń tukọ̀ kí n tó mọ A, B, D. Ohun tí Iye fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kọ́ mi ni bí a ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́. Yóò fi gèlè di mí lójú, yóò fi mí sí iwájú ọkọ̀, yóò sì dákẹ́. Ìkálẹ̀ paraku ló ń sọ, bí mo bá sì kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ará Ọ̀yọ́ ò ní rí i kà. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, Yorùbá ilé-ìwé ni mo máa fi kọ ọ́, àfi "ọma" tó fi ń pe ọmọ.

"Ọma, kí ló ké yẹn?"

"Ẹyẹ ni, Iye."

"Ẹyẹ! Bí mo bá bi ọ́ pé ta ló ń bọ̀, ṣé èèyàn ni wàá dá mi lóhùn?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ ohùn ẹyẹ apẹja yàtọ̀ sí ti ẹ̀lulùú, tí mo mọ ìgbà tí ẹ̀gà ń jà àti ìgbà tí wọ́n rí ejò. Mo mọ ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà, tí ewé ò ní rì. Mo mọ ìró ìyẹ́ òfú, ẹyẹ omi ńlá yẹn, bó bá fẹ́ bà sómi.

Òfin Iye kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n le. Àkọ́kọ́ ni pé àjẹ̀ tí a fi ń tukọ̀ kì í kan ọkọ̀ nínú irà yẹn. Ó fi àkísà wé ọrùn àjẹ̀ mi kó má baà dún, ó ní bó bá tún wá dún, ìwà mi ló dún. Ìgbàkígbà tí àjẹ̀ bá ti kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó di dandan kí n fi odindi ọjọ́ kejì bó koríko ẹní, koríko yẹn sì ń gé ni lọ́wọ́ bí abẹ. Lọ́jọ́ kan ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi bó koríko. Bí mo bá sì ṣe dáadáa, kò ní sọ nǹkan kan. Mi ò gbọ́ "o káre" lẹ́nu obìnrin yẹn rí, inú sì máa ń bí mi sí i.

Àlejò gan-an kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni Iye fúnra rẹ̀, ní ọjọ́ Ìsinmi kan àwọn ará ìjọ rẹ̀ mẹ́rin wọ aṣọ funfun wá, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ wo ẹyẹ. Ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ lékeléke lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn lékeléke mọ ara wọn." Ó lé wọn lọ sílé lọ pààrọ̀ aṣọ.

Nígbà yẹn, ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ látara igi kan ṣoṣo ni a ń lò, ojú lásán la sì fi ń wòran. Tíṣà Délé ló mú awò onígò méjì wá, èyí tó máa ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Ó gbé e fún mi, mo fi òdì rẹ̀ wò, òfú tó wà níwájú mi sì sá lọ sí Ìkọ̀yà lójú mi. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Iye ò fọwọ́ kàn án. Ó ní ojú tí Ọlọ́run fún òun kò tíì gbó.

Òfin kejì rẹ̀ ni ti màrìwò. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí àwọn àdán bá ti bímọ, tí ọmọ ń lẹ̀ mọ́ ìyá láyà, Iye á ri ọ̀pá ọparun méjì mọ́lẹ̀ sínú omi, á so màrìwò mọ́ wọn. Ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀ títí ọmọ yóò fi lè fò. Bí òjò bá wá le tán, gbogbo wọn á gbéra lọ sí ibi tí àwa ò mọ̀, wọ́n á sì padà nígbà ọyẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Lọ́dún tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, ní àkókò màrìwò, Iye lọ sí ìpàdé àdúrà ọlọ́sẹ̀ kan ní Òde-Ìrèlè, ó fi ọkọ̀ sí mi lọ́wọ́. Tíṣà Délé rán àlejò kan sí mi, ọkùnrin oníkámẹ́rà kan láti Èkó. Mo gbé e dé ibi màrìwò, mo dúró. Ó wo àwọn àdán níbi tí wọ́n rọ̀ sí, ó pòṣé. Ó ní, "Àbí wọ́n ti kú ni? Ṣé ohun tí mo ti Èkó wá wò nìyí? Pe ọ̀gá rẹ wá, bóyá òun lè mú kí wọ́n fò."

Ọ̀rọ̀ "ọ̀gá rẹ" yẹn ló dùn mí. Mo kọjá màrìwò. Mo tù ú dé abẹ́ igi. Ní etí òkun lọ́dọ̀ wa, bí ẹja bá fara pamọ́ sábẹ́ koríko, àjẹ̀ ni a fi ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí ẹja lè sá sínú àwọ̀n. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n kí n tó mọ Iye. Mo gbé àjẹ̀ sókè, mo lù ú mọ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọ̀run dú, ariwo wọn sì dà bí òjò lórí páànù. Oníkámẹ́rà ń pariwo pé, "Ó dáa! Ó dáa!" Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Àwọn tí kò lẹ̀ mọ́ ìyá wọn dáadáa já sínú omi, wọ́n já sórí òṣíbàtà, méjì já sínú ọkọ̀, ọ̀kan já lé mi nítan. Kò tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ. Àwòdì ti dé kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Àwọn ará ọjà gbọ́ ariwo, wọ́n gbé agbọ̀n wá ṣa ẹran. Mo fi gèlè mi ṣa mọ́kànlá, mo gbé wọn lọ sílé, mo ń fún wọn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tí mo pò mọ́ omi. Kò sí èyí tó rí ọjọ́ kẹrin. Àwọn ìyá wọn yí igi náà po fún ọjọ́ méjì, wọ́n sì lọ. Kò ku ẹyọ kan.

Nígbà tí Iye dé, kò pariwo. Ó wo igi, ó wo ọkọ̀, ó ní, "Ta ló lu ọkọ̀ yìí?"

Mo ní, "Oníkámẹ́rà ni."

Ó ní, "Ó dáa."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tó ogún ọdún, ṣùgbọ́n ó gùn lójú mi. Àwọn àgbà àdúgbò pe Tíṣà Délé, wọ́n ní àlejò rẹ̀ ló ba irà jẹ́, kó má ṣe mú ẹnikẹ́ni wá síbẹ̀ mọ́. Ó bẹ̀bẹ̀, wọn ò gbà. Èmi wà níbẹ̀, mo gbẹ́nu dákẹ́. Bó bá pàdé mi lọ́nà, ó máa ń kí mi dáadáa, ìyẹn ló sì burú jù. Nígbà tó yá, ogun dé Ọ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ń ronú ẹyẹ. Mo bá Iye hun ẹní.

Ọyẹ́ dé, àdán ò dé. Kérésì kọjá, wọn ò dé. Ni àwọn awakọ̀ bá mú ayùn, wọ́n mú àáké, wọ́n lọ bá olórí àdúgbò wa, tí a ń pè ní Bàbá Àdúgbò, wọ́n ní kó wá wo igi. Iye lọ síbẹ̀, mo bá a gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ dání. Olórí àwọn awakọ̀ ló sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní onílé wà níbẹ̀. Onílé ti kó jáde. Ẹ̀yin náà ẹ wòkè."

Bàbá Àdúgbò wòkè. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kó jáde n'ulé, a lè fi ulé náà fún ẹlòmíràn." Ó wo Iye. "Ẹlẹ́ní, ṣé o ní ọ̀rọ̀?"

Iye ní òun kò ní. Mo rò pé yóò jà. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló wà nínú irà yẹn, koríko rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, gbogbo ohun tó mọ̀. Ó kàn jókòó, ó kọ ojú sí mi. Mo rí i pé bí mo bá tún dákẹ́, wọ́n á gé igi yẹn lójú mi, ọwọ́ mi ni wọ́n á sì fi gé e. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi, wọn ò kó jáde. Èmi ni mo lé wọn."

"Ìwọ? Wọ́n ní àlejò Tíṣà ni."

"Irọ́ ni mo pa, sà. Èmi ni mo lu ọkọ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Bàbá Àdúgbò bi Iye bóyá ó gbọ́.

Iye ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ẹni tó jókòó síwájú ọkọ̀, tó fi ọghọ́ méjèèjì di kámẹ́rà mú, kò lè lu ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ̀yìn ni ojú àpá wà."

"Kí ló dé tí o kò wí?"

"Mo ń dúró dè é."

Bàbá Àdúgbò bá àwọn àgbà yòókù sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó wá dìde. Ó ní, "Ẹni tí a lé kúò n'ulé, ulé rẹ̀ ṣì ni. A ò lè lé onílé tán ká tún gba ulé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ mìíràn dé. Bí wọn ò bá wá nígbà náà, a jẹ́ pé wọ́n ti rí ibòmíràn, ẹ gé e." Àwọn awakọ̀ kó ayùn wọn lọ. Ọdún kan ni wọ́n fún wa.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Tíṣà Délé, èmi obìnrin, torí ìkúnlẹ̀ kéré lójú mi. Kò gbé mi dìde. Ó ní, "Oṣù mẹ́sàn-án, Kọ́ńfọ́tì," ó sì wọlé lọ. Ojú tì mí, ó tì mí gan-an. Àwọn àgbà dá a láre, ó tún ń wá sí irà, ṣùgbọ́n ó tó ọdún méjì kó tó tún bá mi ṣàwàdà.

Iye ò nà mí, kò lé mi. Ó ní láràárọ̀, kí n máa tu ọkọ̀ lófìfo lọ sí ìdí àràbà, kí n jókòó títí oòrùn yóò fi gòkè, kí n wá sọ ohun tí mo gbọ́. Kó má ṣe jẹ́ ohun tí mo rí. Ojú tirẹ̀ ti ń ṣókùnkùn nígbà yẹn, kò lè rí okùn ẹní mọ́, ọwọ́ ló fi ń wá a. Ọdún kan gbáko ni mo fi ṣe é, nínú òjò, nínú ọyẹ́. Ẹ̀lulùú ló ń fa òjò tó ń pa òun fúnra rẹ̀, mi ò rí ẹni di ẹ̀bi rù.

Kí n tó parí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ irinṣẹ́, torí ọmọ ọmọ mi ní àwọn ọ̀dọ́ máa ń béèrè. Lẹ́yìn ogun, ọkọ̀ alápáko rọ́pò ọkọ̀ agbẹ́, ó gba èrò ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n pákó máa ń dún bí o bá yí ìdí. Ọkùnrin kan láti Òde-Ìrèlè gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wá, ó ní òun máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó tan ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ẹyẹ sì lọ kí àwọn ará Igbódígò. Omi nìkan ni àlejò rẹ̀ rí wò. Awò onígò di mẹ́ta, ó di mẹ́fà. Èmi náà mú àwọn ọmọbìnrin méjì kọ́ṣẹ́, mo fi gèlè dì wọ́n lójú. Títí orúnkún mi fi ní ó tó gẹ́ẹ́, àkísà ò kúrò lọ́rùn àjẹ̀ mi. Bí iṣẹ́ kan bá wù yín, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí iṣẹ́ náà kò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín.

Ọyẹ́ ọdún kejì ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ìgbẹ́ tútù lórí ewé òṣíbàtà lábẹ́ igi, àti èso tí wọ́n fa omi rẹ̀ mu tí wọ́n tu ìdọ̀tí rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì, mo débẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, mo wòkè. Wọ́n wà níbẹ̀, ní ẹ̀ka apá ìlà oòrùn. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Omi bọ́ lójú mi, mo jẹ́ kó bọ́, torí bí mo bá gbé ọwọ́ nù ún, ọkọ̀ á mì.

Mo lọ pe Bàbá Àdúgbò kó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Mo di Iye lọ́wọ́ mú, mo gbé e sí àárín ọkọ̀. Ojú rẹ̀ ti lọ tán nígbà náà. Bàbá jókòó síwájú. Mo tù wọ́n lọ láìsọ̀rọ̀, mo tù wọ́n dé ìdí àràbà, mo dá ọkọ̀ dúró.

Bàbá Àdúgbò na ìka sókè. Ó rọra ní, "Mo rí wọn. Onílé ti dé. Kò sẹ́ni tí yóò gé igi yìí mọ́."

Iye tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tẹ́tí. Lókè, wọ́n ń jà du ẹ̀ka bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó pẹ́ tó fi wà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù wá ń bà mí, mo rò pé kò gbọ́ nǹkan kan.

Mo ní, "Iye, ṣé ẹ gbọ́ wọn?"

"Mo gbọ́ wọn." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó wá àjẹ̀ mi títí ọwọ́ rẹ̀ fi bà á, ó di àkísà ọrùn rẹ̀ mú. "Ìwọ ni mi ò gbọ́, ọma. Láti etí omi títí dé ibí, mi ò gbọ́ ọ rárá."